Ohun Tí Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ AC Tó Kú Fi Sílẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Fọ Ọ̀nà Mọ́ Kí Tuntun Má Baà Bá A Lọ

Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ AC ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀ tó sì ń tì í yí ká, bá kú, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí ìyẹn náà tún kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tó tà á ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń bú. Nígbà mìíràn ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọkọ̀ gan-an ni ohun tó pa á wà: èérún irin, ike tó jó, àti ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ dúdú, tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ àkọ́kọ́ bì sínú páìpù kó tó dákẹ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó ń tún un ṣe ni mo kọ èyí fún. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ tú páìpù, àmọ́ ó yẹ kó mọ ohun tí owó rẹ̀ ń lọ sí, torí owó kọ̀ńpírẹ́sọ̀ nìkan kọ́ ni owó iṣẹ́ yìí.

Ibi tí èérún ń sá pamọ́ sí

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ onípísítìnnì ni wọ́n ń lò. Písítìnnì alumíníọ̀mù ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú ihò rẹ̀, ọ́ìlì tó ń bá gáàsì rìn ló sì ń jẹ́ kó máa yọ̀. Bí gáàsì bá ń jò, ọ́ìlì ń bá a jáde. Bí gáàsì bá sì ti kù díẹ̀, ọ́ìlì tó kù kì í padà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó bó ṣe yẹ. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, ooru á mú, ike Teflon tí wọ́n fi bo písítìnnì á bó, ọ́ìlì á jó. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ni nǹkan dúdú tó ń tàn wínníwínní tí ẹ máa bá lẹ́nu họ́ọ̀sì.

Láti ibẹ̀, gáàsì gbígbóná á gbé e lọ sí kọ̀ńdẹ́ńsà, ìyẹn èyí tó dúró níwájú rédíétọ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń kó sí. Èyí tó bá kọjá á bọ́ sínú díráyà, agolo tó ń fa omi kúrò nínú gáàsì. Èyí tó kéré ju ìyẹn lọ á lọ dí ihò tíńtín inú expansion valve, ibi tí gáàsì ti ń fún ara rẹ̀ kọjá kó lè tutù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fáàfù lásán. Èyí tó dà bíi lẹ́búlẹ́bú a máa kọjá fáàfù pàápàá, á dé ifápórétọ̀ tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń mú afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tutù, á sì gba họ́ọ̀sì ńlá tó máa ń tutù padà sí ẹnu tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fi ń fa gáàsì.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í wò. Nínú orí kọ̀ńpírẹ́sọ̀, àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń ṣí tó ń pa. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́, ìdọ̀tí lè padà sẹ́yìn bọ́ sínú họ́ọ̀sì tútù nígbà tí AC bá kú tí gáàsì ń wá ibi tó máa bá dọ́gba. Irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kò nílò láti yí gbogbo ọkọ̀ ká. Bí ẹ bá ṣe tan AC báyìí, inú kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tuntun ló ń lọ tààrà, kò sí asẹ́ kankan láàárín wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó bì èérún tàbí kò bì í

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó bàjẹ́ ló ń tú èérún. Bí bẹ́áríìnì púlì bá ń pariwo, tàbí tí kọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì (èyí tó ń so kọ̀ńpírẹ́sọ̀ mọ́ púlì) bá jó, tàbí tí rọ́bà ìdí ọ̀pá rẹ̀ bá ń jò, inú rẹ̀ ṣì lè mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo nǹkan nítorí bẹ́áríìnì, owó yín ló ń wá. Àyẹ̀wò tó máa ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò le.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa gáàsì tó kù jáde. Kí wọ́n má kàn tú u sáfẹ́fẹ́: R-134a, gáàsì tó wà nínú AC ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000, bó bá sì fọ́n sí ojú tàbí ọwọ́, òtútù rẹ̀ lè pa ẹran ara. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ tú họ́ọ̀sì méjèèjì kúrò lára kọ̀ńpírẹ́sọ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun nu inú ẹnu wọn. Ẹ da ọ́ìlì tó wà nínú kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó kú sínú ife tó mọ́ gaara, kí ẹ wọn iye rẹ̀ kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá gbé ife náà síta nínú oòrùn.

Ọ́ìlì tó mọ́ tàbí tó pọ́n díẹ̀ kò ní ẹjọ́. Èyí tó ní àwọ̀ ewé títàn yòò, àwọ̀ tí wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò ni, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bó bá dúdú, tàbí tó rí bí eérú, tàbí tí nǹkan kéékèèké ń dán nínú rẹ̀ bí ẹ bá mi ife, ọkọ̀ yẹn nílò gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ tú fáàfù náà, kí ẹ wo ẹnu tí gáàsì ń gbà wọlé sínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan kò ní fáàfù. Orifice tube ni wọ́n ní, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní asẹ́ lórí, tó wà nínú páìpù. Ẹ fà á yọ, asẹ́ rẹ̀ á sọ gbogbo ìtàn fún yín.

Honda CR-V ìran kejì, ti 2002 sí 2006, lókìkí láàárín àwọn oníṣẹ́ AC fún irú ikú yìí. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kó má fi àyẹ̀wò ọ́ìlì ṣeré rárá.

Ẹni tó ni ọkọ̀ lè dúró tì wọ́n kó sì sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọ́ìlì tó jáde nínú èyí tó kú." Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Bó bá dáhùn pé òun ti dà á nù, ẹ ní kó yọ họ́ọ̀sì, kí ẹ fi aṣọ nù ún lójú ara yín.

Ohun tí ẹ máa jù nù àti ohun tí ẹ máa fọ̀

Kọ̀ńdẹ́ńsà ni àríyànjiyàn máa ń wà lé lórí, nítorí òun ló wọ́n jù lẹ́yìn kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Àwọn ti àtijọ́ jẹ́ páìpù kan ṣoṣo tó ń lọ́ bí ejò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá da omi ìfọ̀ sí i ní ẹnu kan, kò níbòmíràn tó máa gbà ju ẹnu kejì lọ, ó sì máa ti ìdọ̀tí jáde níwájú rẹ̀. Irú ìyẹn ṣeé fọ̀. Èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní yàtọ̀: páìpù pẹlẹbẹ púpọ̀ tí wọ́n tò sórí ara wọn, tí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan tún pín sí ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ tí ìbú wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Bí èérún bá dí ogún nínú wọn, omi ìfọ̀ kò ní bá a jà, ibi tó ṣí sílẹ̀ ló máa gbà kọjá. Ohun tó máa jáde lódìkejì á mọ́, oníṣẹ́ á sì ní iṣẹ́ ti parí. Ó di ọjọ́ tí gáàsì gbígbóná bá ń gbá a lábẹ́ agbára kí èérún yẹn tó máa tú díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá dúdú, tí kọ̀ńdẹ́ńsà sì jẹ́ ti òde òní, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò rí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Bí owó kò bá tó fún kọ̀ńpírẹ́sọ̀ àti kọ̀ńdẹ́ńsà pọ̀, ó sàn kí ẹ ṣí fèrèsé wakọ̀ fún oṣù kan sí i títí owó á fi pé, ju kí ẹ ra kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lónìí kí ẹ sì sin ín. Ẹ kàn rí i dájú pé púlì èyí tó kú ṣì ń yí fàlàlà, kó má baà já bẹ́líìtì.

Kò sí àríyànjiyàn nípa díráyà: tuntun ni. Inú rẹ̀ kún fún hóró kéékèèké tó ń fa omi, ó sì ní asẹ́ tó ti gba ìpín tirẹ̀ nínú ìdọ̀tí. Kò ṣeé fọ̀. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà tuntun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni díráyà lẹ̀ mọ́, nítorí náà bí ẹ bá ra kọ̀ńdẹ́ńsà, ẹ wò ó bóyá ó ti wà lára rẹ̀. Fáàfù àti orifice tube náà, tuntun ni. Wọn kò wọ́n tó ohun tí wọ́n lè bàjẹ́.

Ifápórétọ̀ ṣeé fọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn páìpù alumíníọ̀mù lásán náà ṣeé fọ̀. Họ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ bá wú bíi ìgò kékeré ní agbede méjì kò ṣeé fọ̀. Ohun tó ń pa ariwo ló wà nínú ibi tó wú yẹn, èérún sì máa ń há sí i níbi tí omi kò lè dé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi ìfọ̀ sí i láéláé: á fọ ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀, kò sì ní jáde tán.

Ẹ̀yin tó ní Toyota Sienna tàbí ọkọ̀ ńlá mìíràn tó ní AC lẹ́yìn, iṣẹ́ yín jẹ́ méjì. Páìpù méjì gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ifápórétọ̀ àti fáàfù mìíràn sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fọ iwájú nìkan, ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn á dúró de ọjọ́ tí èrò ẹ̀yìn bá ní kí ẹ tan tiwọn. Ẹ tú fáàfù ẹ̀yìn, kí ẹ fọ ẹ̀ka yẹn lọ́tọ̀.

Fífọ̀ rẹ̀

Ẹ ra omi ìfọ̀ AC gidi, èyí tí wọ́n kọ A/C flush sí lára rẹ̀, kí ẹ sì wá ìgò nítírójìn pẹ̀lú rẹgulétọ̀, èyí tó ń dín agbára tó ń jáde kù. Agbára tó wà nínú ìgò nítírójìn tó kún lè lé ní 2,000 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì). Láìsí rẹgulétọ̀, ohun tó lè pa ènìyàn ni. Fún fífọ̀, 100 psi ti tó.

Ẹ yọ kọ̀ńpírẹ́sọ̀, díráyà àti fáàfù kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe so gbogbo ọkọ̀ pọ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìdọ̀tí apá kan á kàn wọ apá kejì. Ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: họ́ọ̀sì gbígbóná, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ifápórétọ̀, họ́ọ̀sì tútù.

Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu tí gáàsì ń gbà jáde ni kí ẹ ti kọ́kọ́ da omi sí i, kó lè ti èérún padà sí ọ̀nà tó gbà wọlé. Èérún tó há sí ojú tó ń fún pọ̀ kì í gbọ́ bí ẹ bá ń tì í síwájú, ńṣe ló ń há sí i. Ẹ jẹ́ kí omi náà dúró nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè yọ́ ẹrẹ̀ ọ́ìlì, kí ẹ tó fi nítírójìn fẹ́ ẹ. Ẹ fi aṣọ funfun bo ẹnu tó ń jáde, kí ẹ sì gbé ike tó mọ́ gaara sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ ní ìgbà kúkúrú kúkúrú, kí ó máa gbọ̀n, dípò kí ẹ jẹ́ kó máa lọ gbọọrọ. Ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe é láti ẹnu kejì. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ. Ìgbà tí aṣọ tuntun bá gba omi tí kò sí àmì dúdú tàbí nǹkan dídán kankan lára rẹ̀ ni ẹ tó lè dúró. Ìgò omi ìfọ̀ kan kì í sábà tó fún gbogbo ọkọ̀.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni kàn: gbígbẹ. Omi ìfọ̀ tó bá kù sínú ifápórétọ̀ á lọ pò mọ́ ọ́ìlì tuntun, á sọ ọ́ di olómi ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, písítìnnì tuntun á sì máa ha bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí nítírójìn máa fẹ́ la ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ gbé bébà funfun sí ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣì ń tutù, kò tíì gbẹ. Ẹ̀rọ vacuum, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, kò ní bá yín ṣe é. Ó lè fa omi lásán tó di ooru, kò lè fa ẹrẹ̀ tàbí kẹ́míkà tó wúwo.

Níbi tí ẹ bá ti parí ọ̀kan, ẹ fi ọ̀rá àti ike dí ẹnu rẹ̀ kíákíá. Pàápàá lákòókò ọyẹ́, eruku tó ń wọ páìpù tó ṣí sílẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì kò kéré.

Ohun tí wọ́n ń lò lójú pópó tí kò yẹ

Epo bẹntiróòlù àti tínà ni wọ́n sábà ń dà sí i, nítorí pé wọ́n wà nítòsí. Wọ́n ń fọ ọ́ìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ba rọ́bà inú họ́ọ̀sì àti O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé páìpù) jẹ́, ìyókù wọn ń ba ọ́ìlì tuntun jẹ́, iná wọn sì wà nítòsí ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kẹrosíìnì burú jù ní ti pé kì í gbẹ. R-141b tí àwọn oníṣẹ́ fíríìjì ń fi fọ̀ máa ń gbẹ dáadáa, àmọ́ ó ń jẹ ìpele ozone, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń mú kúrò nílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1987. Bí ẹ bá ti rí A/C flush, ẹ ò nílò rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó ń fẹ́ táyà ní omi nínú, ó sì ní ọ́ìlì ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ́ìlì PAG tó wà nínú AC ọkọ̀ a máa mu omi gidigidi, omi àti gáàsì á sì di ásíìdì tó ń jẹ irin. Bí ẹ kò bá rí ohun mìíràn láti fi fẹ́ páìpù nígbà àkọ́kọ́, kò ní pa yín, bí ẹ bá ṣáà fi nítírójìn gbẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í dán ibi tó ń jò wò nígbà tí gáàsì wà nínú páìpù: R-134a tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ lábẹ́ agbára lè gbiná.

Ọ́síjìn àwọn wẹ́dà, rárá. Ìgò rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó lè jọ ti nítírójìn, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni í ló ní kí ẹ mú un. Ọ́síjìn lábẹ́ agbára tó bá kan ọ́ìlì máa ń bú gbàmù. Ènìyàn ń kú síbẹ̀.

Asẹ́: olùṣọ́ tó wúlò, tí kò sì lè ṣe iṣẹ́ ìfọ̀

Lẹ́yìn fífọ̀ tó dára jù, díẹ̀ ṣì lè kù. Asẹ́ méjì ló wà fún èyí. Ọ̀kan jẹ́ asẹ́ irin wẹ́wẹ́ tó rí bíi fìlà kékeré, tí wọ́n ń tì bọ ẹnu họ́ọ̀sì tútù níbi tó ti fẹ́ wọ kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Òun ló ń dènà ìdọ̀tí tó padà sẹ́yìn tí mo sọ lókè, bí mo bá sì máa ra ẹyọ kan nínú méjèèjì, òun ni. Ẹ wọn ìbú inú họ́ọ̀sì kí ẹ tó rà á. Ó gbọ́dọ̀ há dáadáa. Asẹ́ tó bá tú sílẹ̀ ti di èérún fúnra rẹ̀.

Ìkejì jẹ́ fíltà inú agolo kékeré tí wọ́n ń so mọ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín kọ̀ńdẹ́ńsà àti fáàfù. Ó ń dáàbò bo fáàfù, ó sì ń gba ohun tó bá tú kúrò lára kọ̀ńdẹ́ńsà kó tó rìn jìnnà. Ó ní ọfà lára. Ẹ jẹ́ kí ọfà náà dojú kọ ibi tí gáàsì ń lọ.

Bí ẹ bá fi asẹ́ sí ọkọ̀ tí ẹ kò fọ̀, ó máa dí. Bí asẹ́ ẹnu kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá dí, gáàsì kò ní wọlé tó, ọ́ìlì tó ń bá a rìn náà kò ní wọlé, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á sì kú nítorí òǹgbẹ ọ́ìlì. Àwọn kan ń gé fóòmù tàbí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin sí ẹnu họ́ọ̀sì. Ìyẹn á ya, á sì wọlé.

Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí ẹ fẹ́ rà

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí níbòmíràn, nítorí iye tí tuntun jẹ́. Kò burú, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó ti wà nínú òjò àti eruku, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n dí ẹnu rẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí àwo iwájú kílọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe púlì, ní ìgbà mẹ́wàá: kó máa yí pẹ̀lú agbára díẹ̀ tó dọ́gba, kó má há, kó má sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bí ọ́ìlì tirẹ̀ bá ní èérún, ẹ óò kàn gbé àìsàn ọkọ̀ ẹlòmíràn wọlé ni.

Àwọn kọ̀ńpírẹ́sọ̀ òde òní kan kì í ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń dún "kà" bí ẹ bá tan AC. Fáàfù kékeré oníná kan lẹ́yìn wọn ló ń darí iye tí wọ́n ń fà, asẹ́ rẹ̀ sì kéré gan-an. Àwọn yìí kò lè fara da ìdọ̀tí rárá.

Ọ́ìlì

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé ọkọ̀ máa sọ irú ọ́ìlì àti iye rẹ̀. PAG 46, PAG 100 àti PAG 150 nípọn ju ara wọn lọ, ẹ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nítorí pé òun ló wà lórí igbá. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ oníná inú ọkọ̀ hybrid, èyí tó ń lo epo àti iná mọ̀nàmọ́ná pọ̀, ní ọ́ìlì tirẹ̀, irú POE, tí kì í jẹ́ kí iná mọ̀nàmọ́ná kọjá. Ìwọ̀nba PAG díẹ̀ lè bà á jẹ́. Wáyà aláwọ̀ ọsàn inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé iná tó lè pa ènìyàn, ẹ wá ẹni tó kọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá ti fọ gbogbo páìpù, ọ́ìlì àtijọ́ ti tán, nítorí náà odindi iye tí ìwé sọ ni ẹ máa fi sí i. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tuntun máa ń ní ọ́ìlì nínú nígbà tí wọ́n bá ń tà á, nígbà mìíràn tó gbogbo ọkọ̀, nígbà mìíràn ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ dà á sínú ike ìwọn, kí ẹ mọ̀. Ẹ dá apá kan padà sínú kọ̀ńpírẹ́sọ̀, kí ẹ pín ìyókù sínú kọ̀ńdẹ́ńsà, ifápórétọ̀ àti díráyà. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí AC tutù dáadáa. Èyí tó kéré jù, ẹ ti mọ ohun tó ń fà.

Dídì í padà

O-ring tuntun ní gbogbo oríkèé tí ẹ tú, tí ẹ fi ọ́ìlì AC díẹ̀ pa lára. Díráyà ni kí ẹ ṣí kẹ́yìn. Ẹ má yọ ìdérí rẹ̀ títí tí gbogbo nǹkan mìíràn á fi wà ní ìdúró, nítorí láti ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kan hóró inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu omi.

Ẹ fi nítírójìn tó nǹkan bíi 150 psi sínú rẹ̀, kí ẹ fi omi ọṣẹ wá ibi tó ń jò. Ẹ jẹ́ kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gèéjì kò gbọ́dọ̀ sọ̀. Ẹ tú nítírójìn sílẹ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ vacuum gidi fà á fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán, kí ẹ pa á, kí ẹ sì wò ó bóyá gèéjì á dúró.

Àwọn kan kò ní ẹ̀rọ vacuum, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń fa: wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ṣí ẹnu ibì kan, wọ́n á ní kó fa afẹ́fẹ́ jáde. Gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti àárọ̀ lè ṣòfò láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Kò sí gáàsì tó máa gbé ọ́ìlì wá, gbígbẹ ló sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí oníṣẹ́ tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ yá vacuum."

Ẹ fi ìwọ̀n gbé gáàsì sí i, ní iye gíráàmù tí ìwé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sọ. Gèéjì nìkan kò lè sọ iye tó wà nínú rẹ̀.

Títàn án fún ìgbà àkọ́kọ́

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fọwọ́ yí àwo kílọ́ọ̀ṣì ní ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ́ìlì tó ti rọ̀ sínú ihò písítìnnì kò ṣeé fún pọ̀ bíi gáàsì, ó sì lè ṣẹ́ ewé irin lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra yí. Ẹ tan AC fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa á fún mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ iná. Ẹni tó bá ti ń gbọn ẹ́ńjìnnì vúú-vúú kó lè "tètè tutù", ẹ ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Nínú ooru tiwa, pẹ̀lú R-134a, ẹ máa rí nǹkan bíi 35 sí 55 psi ní ẹ̀gbẹ́ tútù àti 200 sí 300 ní ẹ̀gbẹ́ gbígbóná. Bí ẹ̀gbẹ́ tútù bá ń lọ sí òdo, tí yìnyín sì ń mú lára fáàfù, ìdọ̀tí tàbí omi ti dí i. Bí ẹ̀gbẹ́ gbígbóná bá fò sókè, ẹ wo fáànù kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Fáànù tó kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè jẹ́ ohun tó pa èyí àkọ́kọ́ gan-an. Bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tó pa á, ìbáà jẹ́ ibi tó ń jò, fáànù, tàbí gáàsì tí wọ́n ń kún lé ara wọn láìwọ̀n, iṣẹ́ kò tíì parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fọwọ́ kan páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú fíltà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, ó lè gbóná, kí ọwọ́ yín sì jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Bí méjèèjì bá gbóná dọ́gba, fíltà ṣí sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tutù ju iwájú lọ, ó ti ń dí: ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́, kó fa gáàsì, kó fi fíltà tuntun sí i, kó sì dá gáàsì náà padà pẹ̀lú ìwọ̀n.